Yàrá Mẹ́rin Nínú Ẹsẹ̀: Ìdí Tí A Kò Fi Gbọdọ̀ Di Ojúgun Tó Kán Pinpin

Bí ènìyàn bá dúró sí etí títì ní Ogunu, nílùú Warri, ìpínlẹ̀ Delta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò máa rí ṣáá. Ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì nínú bàtà onírin. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó ru ẹrù láti etí odò. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fo omi òjò. Ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀ Kẹ̀kẹ́ Maruwa tó yọ síta díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn.

Ogunu wà lẹ́bàá odò Warri. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì Shell kọ́ ọgbà ńlá kan sí, kí ó tó di pé, ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó parí títa ẹ̀ka rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà fún àjọṣepọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Renaissance. Àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ló ń gbé ìlú Warri, pẹ̀lú àwọn ènìyàn láti gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ kò kéré, èdè Itsekiri pàápàá sì bá èdè Yorùbá tan pẹ́kípẹ́kí.

Láàárín gbogbo ìrìn àti ìsáré yìí, ibì kan wà lára tí a kì í sábà ronú kàn àfi ọjọ́ tó bá fara pa. Ibẹ̀ ni ibi tó wà láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, tí iwájú rẹ̀ ń jẹ́ ojúgun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ẹran tó yọ bọ̀ǹbọ̀.

Ká sọ pé Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan dojú dé ní alẹ́ ọjọ́ òjò, tí irin rẹ̀ sì tẹ ojúgun ọ̀dọ́kùnrin kan mọ́lẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ náà kò ya, ẹ̀jẹ̀ kò sì tú jáde. Eegun nìkan ló kán. Àwọn ẹbí gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń to eegun. Bàbá náà fà á, ó tò ó, ó fi ọparun pẹlẹbẹ yí i ká, ó sì fi okùn dì í pinpin. Nígbà tó di òru, ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u, n kò lè fara dà á mọ́." Bàbá dá a lóhùn pé: "Ọmọ mi, mú un mọ́ra. Eegun tó bá ń so, dandan ni kó dunni." Ní ọjọ́ kẹta, igbe náà dákẹ́. Inú gbogbo ilé dùn pé ìrora ti lọ. Wọn kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ló ti kú.

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Àpèjúwe lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé iwájú wọn ni àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Kí a tó lè mọ ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Nínú èdè Yorùbá, iṣan ni a ń pe ẹran tó ń gbé ara. Iṣan náà ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan náà ni a sì tún ń pe okùn líle tó so ẹran mọ́ eegun. Bí aláìsàn bá ní iṣan ń fa òun, oníṣègùn ní láti tún béèrè èwo nínú wọn. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣan ẹran ni a ó máa pe èyí tó ń sún eegun. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Okùn iṣan ni èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Fọ́nrán ìmọ̀lára sì ni èyí tó ń gbé àṣẹ wá láti ọpọlọ, tó sì ń gbé ìròyìn ìrora padà lọ.

Eegun méjì

Eegun méjì ló wà láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó nípọn ni eegun ojúgun, tí àwọn dókítà ń pè ní tibia. Lẹ́yìn eegun itan, òun ni eegun tó gùn jù lọ nínú ara, òun ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo wa. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní fibula, tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òde. Ní èdè Látìnì, tibia ni wọ́n tún ń pe fèrè, fibula sì ni ìkọ́ tí wọ́n fi ń so aṣọ mọ́ra. Ẹni tó bá ti rí eegun méjèèjì yóò mọ̀ pé orúkọ wọn bá ìrísí wọn mu.

Ẹ fi ọwọ́ kan ojúgun yín. Ẹ ó rí i pé ní iwájú, ní ìhà tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, kò sí ẹran kankan láàárín awọ àti eegun. Ìdí nìyí tí ojúgun fi ń dunni gógó bí ó bá gbá igi tàbí òkúta. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí eegun ibẹ̀ fi lè tètè yọ síta bí ó bá kán, tí egbò ibẹ̀ kì í sì í tètè jinná.

Iṣan ẹran mẹ́tàlá nínú yàrá mẹ́rin

Iṣan ẹran mẹ́tàlá ló wà yí ká eegun méjèèjì yìí. Wọn kò dà pọ̀ mọ́ra lásán. Ẹlẹ́dàá pín wọn sí yàrá mẹ́rin. Eegun wà lára ògiri àwọn yàrá náà. Ìyókù ògiri sì jẹ́ awọ funfun líle kan tí kì í fẹ̀ bíi rọ́bà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹran tirẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Yàrá kìn-ín-ní wà ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ojúgun níhà òde. Iṣan ẹran mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka rẹ̀ sókè. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, tàbí tí a ń rìn lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, àwọn ni kì í jẹ́ kí a fẹsẹ̀ kọ. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, iwájú ẹsẹ̀ yóò máa wọ́ nílẹ̀, ẹni náà yóò sì ní láti máa gbé orúnkún sókè fíofío kí ó tó lè gbésẹ̀.

Yàrá kejì wà ní ẹ̀gbẹ́ òde, lára eegun tẹ́ẹ́rẹ́ nì. Méjì péré ni iṣan ẹran rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta, kí ọrùn ẹsẹ̀ má baà yí sínú nígbà tí a bá tẹ ibi tí kò dọ́gba. Fọ́nrán ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún yàrá kìn-ín-ní àti ìkejì yí ọrùn fibula ká ní ìsàlẹ̀ orúnkún, lábẹ́ awọ gan-an. Okùn tí a bá dì le níbẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ pa.

Yàrá kẹta wà lẹ́yìn. Òun ni ó yọ bọ̀ǹbọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí. Iṣan ẹran mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lókè, tó lórí méjì, ni gastrocnemius. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ikùn ẹsẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni soleus, tí wọ́n fi ẹja pẹlẹbẹ kan sọ lórúkọ nítorí ìrísí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí a bá fò tàbí tí a sáré. Èkejì ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi nígbà tí a bá wà ní ìdúró. Ìkẹta, plantaris, kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé àwọn kan wà tí kò ní in rárá, tí kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Gastrocnemius àti soleus ló para pọ̀ di okùn iṣan kan tó so mọ́ eegun gìgísẹ̀. Okùn yìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kò sì sí okùn iṣan mìíràn nínú ara tó nípọn tó o tàbí tó lágbára tó o. Ní ọdún 1693, Philip Verheyen, onímọ̀ ẹ̀yà ara tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kan rí, fi orúkọ Achilles, jagunjagun inú ìtàn àwọn Gíríìkì, pe okùn yìí nínú ìwé rẹ̀. Orúkọ náà ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní.

Yàrá kẹrin wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ẹran ẹ̀yìn àti eegun. Iṣan ẹran mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣí orúnkún nígbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Méjì ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọlé. Ìkẹrin sì ni kò jẹ́ kí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú yàrá yìí náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gbà kọjá lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú díẹ̀, ẹ ó mọ bí ó ṣe ń lù.

Agbára àwọn yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo ìdènà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nílùú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sì di ẹni tó yára jù lọ láyé nínú eré náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Ese Brume, tí wọ́n bí sí Ughelli, ìlú tí kò jìnnà sí Warri, fo mítà 6.97 ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ bàbà. Itan àti ìbàdí ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti okùn gìgísẹ̀ ló kẹ́yìn nílẹ̀ kí ara tó gbéra.

Ọkàn kejì

Iṣẹ́ kan tún wà tí iṣan ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọkàn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé e padà sókè? Nígbà tí a bá ń rìn, ẹran yìí a máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gòkè. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà tí kì í jẹ́ kí ó padà sísàlẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn dókítà ṣe ń pe ẹran ẹ̀yìn ojúgun ní ọkàn kejì.

Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń wú fún ẹni tó bá jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ láti Warri dé Èkó, tàbí ẹni tó ń dúró nídìí ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró pẹ́ jù, ó lè dì sínú iṣan. Bí ó bá ṣe pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni, tó sì gbóná, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wọ́ ọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí yàrá bá kún

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tí ojúgun rẹ̀ kán.

Eegun tó kán a máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí awọ kò bá ya, inú yàrá ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò dà sí. Ẹran tó fara pa pẹ̀lú a máa wú. Ṣùgbọ́n a ti sọ pé ògiri yàrá kì í fẹ̀. Nítorí náà, ìfúnpá inú yàrá yóò máa ga sí i, títí yóò fi tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín pa. Ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní lè wọlé mọ́. Ẹran tí kò rí ẹ̀jẹ̀ yóò tún wú sí i, wíwú náà yóò sì tún gbé ìfúnpá ga. Bí ó ṣe ń yí po nìyẹn títí ẹran yóò fi kú.

Àwọn dókítà ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá yìí. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni náà bá ti dín sí 30, ọ̀rọ̀ ti di ti pàjáwìrì. Bí àpẹẹrẹ, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá jẹ́ 120/80, tí ti inú yàrá sì ti tó 50, kò sí àyè àti dúró mọ́. Fọ́nrán ìmọ̀lára ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹran lè fara dà á fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀, ó ṣòro kí ó tó tún lè sọjí.

Kí ni ọparun àti okùn tí a dì pinpin ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n di ògiri mìíràn lórí ògiri tó wà tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba àyè tí awọ ẹsẹ̀ ìbá ní láti wú síta, wọ́n ti dí i pa. Ìrora tí ọ̀dọ́kùnrin náà ń ké sí kì í ṣe ti eegun tó ń so. Ẹran tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa ló ń ké. Nígbà tí ìrora sì lọ, fọ́nrán ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn náà ló kú.

Ẹ̀wẹ̀, ewu náà kì í mọ sí ẹsẹ̀ nìkan. Ẹran tó bá kú a máa tú oró sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè ba kíndìnrín jẹ́, tó sì lè da ìlù ọkàn rú. Bí kòkòrò àrùn bá tún wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ náà yóò dúdú, yóò máa rùn, kò sì ní sí ọ̀nà mìíràn láti gba ẹ̀mí là ju kí a gé e lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1881, Richard von Volkmann, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní Jámánì, kọ̀wé nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn tó rọ, tí wọ́n sì ká kò, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi aṣọ ìdìgbò dì wọ́n le jù. Ó ṣàlàyé pé àìrí ẹ̀jẹ̀ ló pa ẹran wọn. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àbùkù náà. Àwọn dókítà ni wọ́n di àwọn ìdìgbò wọ̀nyẹn. Bákan náà, sìmẹ́ǹtì funfun tí a ń pè ní P.O.P. lè ṣe irú ìbàjẹ́ kan náà bí ó bá fún ẹsẹ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a ti kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera láti fetí sí igbe aláìsàn, kí ó sì là á kíákíá.

Àwọn tó ń to eegun

Kò yẹ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọn tó ń to eegun ní ìbílẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni, láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ. Àwọn kan nínú wọn a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, ní ìgbàgbọ́ pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn náà yóò rìn. Ọ̀pọ̀ eegun ni wọ́n ti tò tó sì so. Wọ́n wà nítòsí, owó wọn ṣeé dúnàá dúrà, wọ́n sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún ilé ìwòsàn: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn yóò gé ẹsẹ̀ àwọn. Ohun ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù yìí gan-an ló ń mú kí ẹsẹ̀ di gígé. Ìwádìí àwọn dókítà ní onírúurú ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà ti fi hàn léraléra pé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó kú lẹ́yìn ìdè líle àwọn tó ń to eegun wà lára àwọn ohun pàtàkì tó ń fa gígé ẹ̀yà ara, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà. Ní ọdún 2006, J. E. Onuminya, dókítà eegun ní ìpínlẹ̀ Edo tó múlé ti Delta, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn South Africa nípa ẹni tó ń to eegun tí wọ́n kọ́ ní ìlànà ìtọ́jú eegun tó kán. Ìwádìí náà fi hàn pé ìpalára a máa dínkù bí wọ́n bá gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé kò pọn dandan kí ìbílẹ̀ àti ìgbàlódé máa bá ara wọn jà. Bí ẹni tó ń to eegun bá mọ ọjọ́ tó yẹ kí ó tú okùn, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó ní kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni yóò là.

Àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú eegun kò sì ṣàjèjì sí wa. Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Igbóbì, l'Ékòó, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1945, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ jẹ́ ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Irú rẹ̀ wà ní Enugu àti ní Dala, nílùú Kano. Àwọn tó ń gbé agbègbè Warri ní ilé ìwòsàn ìjọba nílùú náà, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Oghara àti ti Yunifásítì Benin nílùú Benin.

Àwọn àmì tó yẹ ká mọ̀

Bí ojúgun bá kán, tàbí tí nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, ẹ máa ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, pàápàá láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́:

Ìrora tó ń pọ̀ sí i dípò kí ó dínkù, tí oògùn ìrora kò sì ràn.

Ìrora ńlá nígbà tí ẹlòmíràn bá rọra tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ aláìsàn sókè tàbí sísàlẹ̀. Àmì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀.

Ẹran ẹsẹ̀ tó le gbagidi bí igi, tí awọ rẹ̀ sì ń dán.

Ara ẹsẹ̀ tó ń ta ṣóṣó bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ń gún, tàbí tó kú tipiri.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò ṣeé gbé mọ́, tó tutù, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí a bá ti rí èyí, àkókò ti lọ púpọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé nítorí pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lù lórí ẹsẹ̀, kò séwu. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè ṣì máa lù nígbà tí ẹran inú yàrá ti ń kú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì lè ṣàlàyé, ẹkún tí kò dá àti àìbalẹ̀ ara rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àmì.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Èkíní, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fa ẹsẹ̀ náà, ẹ má sì ṣe fi omi gbígbóná tàbí ìpara wọ́ ọ. Ẹ fi pákó tàbí páálí tó nípọn tì í lẹ́yìn kí ó má baà mì, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ so ó wẹ́rẹ́, kì í ṣe pinpin. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ aṣọ náà kọjá.

Èkejì, bí egbò bá wà tí eegun yọ síta, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Ẹ má ṣe ti eegun náà padà, ẹ má sì ṣe da ohunkóhun sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí nọ́ńbà 122, tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì 112, kí ẹ sì gbé aláìsàn lọ sí ibi tí wọ́n ti lè ya àwòrán eegun, tí oníṣẹ́ abẹ sì wà.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá ti di ẹsẹ̀ náà níbikíbi, ì báà jẹ́ ọparun tàbí P.O.P., tí àwọn àmì òkè yìí sì yọjú, ẹ má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ìdè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, títí dé ara awọ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àyà. Bí a bá gbé e ga jù lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ yóò tún dínkù.

Bí ìfúnpá kò bá sọ̀kalẹ̀, dókítà yóò la awọ ẹsẹ̀ àti ògiri àwọn yàrá náà. Ojú abẹ méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ló sábà máa ń ṣí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn yóò fi egbò náà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọjọ́ díẹ̀ kí wíwú lè lọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ran án, tàbí kí wọ́n mú awọ láti ibòmíràn bò ó. Ẹ̀rù lè ba ẹbí láti rí ẹsẹ̀ tí a là bẹ́ẹ̀. Àpá rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n àpá ṣì sàn ju kùkùté ẹsẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan náà bá àwọn tí ejò bù jẹ lẹ́sẹ̀ mu. Àṣà pé kí a fi okùn di òkè ojú egbò pinpin ti ba ẹsẹ̀ púpọ̀ jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn sinmi, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí oògùn oró ejò wà.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá mọ òfin yìí lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán òṣìṣẹ́ létí.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní Ogunu, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní London, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí irin tàbí òkúta yóò bá ojúgun òun pàdé. Bí ẹni tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ké ní òru pé, "Ẹ bá mi tú u," ẹ má ṣe sọ fún un pé kó mú un mọ́ra. Ẹ tú u, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Wákàtí mẹ́fà kì í pẹ́ kọjá.